Ọdẹ aṣíkiri àbí àgbẹ̀ àkọ́kọ́: tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yan ọ̀kan, èwo lẹ máa mú?

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ìjà láàárín àwọn tó ń kàwé nípa ayé àtijọ́. Àwọn kan á ní iṣẹ́ oko ló sọ ọmọ aráyé dèèyàn gidi, àwọn kan á ní ọjọ́ tí wọ́n ti gbin ọkà àkọ́kọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ ara wọn ra wàhálà. Mi ò tíì fẹ́ gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ẹ jẹ́ ká kàn sọ pé wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀yin àti ìdílé yín lọ sáyé àtijọ́, kò sí fíríìjì, kò sí Panadol, kò sí ọjà tẹ́ ẹ ti máa ra gààrí, wọ́n wá ní kẹ́ ẹ yan ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà jẹun. Nílé ìwé, méjì ni tíṣà máa ń kọ sójú pátákó, ọdẹ àti àgbẹ̀, ó tán. Mẹ́rin ni èmi rí o, méjì tí wọn kì í sì í dárúkọ yẹn gan-an ló kún fún ẹ̀kọ́ jù. Àsìkò wọn ò dọ́gba, ilẹ̀ wọn náà ò dọ́gba, mo kàn kó wọn síbì kan náà ká lè fi wọ́n wéra ni.

Ohun tí màá máa wò nìyí. Àkọ́kọ́ ni wákàtí tí oúnjẹ máa gbà lọ́wọ́ yín. Ìkejì ni ara: eyín, egungun, gíga. Ìkẹta ni ọmọ, mélòó lẹ lè bí, mélòó ló máa yè. Ìkẹrin, tí ọ̀dá bá dá ńkọ́? Ìkarùn-ún, ta ló máa jọ̀gá lé yín lórí? Ìkẹfà ni mo kà sí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jọ nǹkan kékeré lójú: ṣé oúnjẹ yín ṣeé kó pamọ́? Lójú tèmi o, ibi ìkópamọ́ yìí gan-an ni ọ̀nà ti pínyà, ọkọ́ àti àdá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ẹ fi sọ́kàn bá a ṣe ń lọ.

Ọdẹ aṣíkiri

Àwọn wọ̀nyí kì í gbé ojú kan. Ọkùnrin ń dẹ̀gbẹ́, obìnrin ń wa iṣu igbó, ó ń ṣa èso, tí ibì kan bá ti gbẹ wọ́n á kó ìwọ̀nba ẹrù tí èjìká lè gbé, wọ́n á ṣí lọ síbòmíì. Àwọn tá a mọ̀ dáadáa jù nínú wọn ni Ju/'hoansi ní aṣálẹ̀ Kalahari, lágbègbè Botswana àti Namibia, àti àwọn Hadza létí adágún Eyasi ní Tanzania. Èèyàn òde òní ni wọ́n o, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ju/'hoansi tilẹ̀ ti fìdí kalẹ̀ síbì kan báyìí, ẹ má rò pé wọ́n ṣẹ́kù láti ayé àtijọ́ láìyí padà, ṣùgbọ́n àwọn la rí bá sọ̀rọ̀, egungun inú ilẹ̀ kì í dáhùn ìbéèrè.

Iṣẹ́ ńkọ́? Ní 1963 ni Richard Lee, onímọ̀ nípa ìgbé ayé ẹ̀dá èèyàn, dé ọ̀dọ̀ àwọn Ju/'hoansi, nígbà tó sì ka wákàtí tí wọ́n fi ń wá oúnjẹ, wákàtí 12 sí 19 lọ́sẹ̀ ló rí, ni gbogbo ayé bá pariwo pé háà, ọdẹ ń jayé, àwa là ń jìyà ní ọ́fíìsì. Ẹ rọra ṣá. Ìrìn àtilọ wá oúnjẹ nìkan ló kọ́kọ́ kà nígbà yẹn. Èso mongongo tí wọ́n gbójú lé, èèpo rẹ̀ le gan-an, ẹnì kan ló máa jókòó fọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ti fọ́ ẹ̀kùrọ́ rí á mọ irú iṣẹ́ tí mò ń sọ, ẹnì kan ló máa ṣẹ́gi, ẹnì kan ló máa pọnmi, ẹnì kan ló máa tún ọfà ṣe, nígbà tí wọ́n sì kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ ó sún mọ́ wákàtí 40. Síbẹ̀ náà, níbi tí wọ́n ti fi ọdẹ àti àgbẹ̀ wéra lójú kan náà, ti ọdẹ ló sàn jù. Ní 2019 wọ́n gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn Agta ní Philippines, àwọn kan nínú wọn ṣì ń ṣọdẹ tí wọ́n ń pẹja, àwọn kan ti ń dáko, èdè kan náà, ilẹ̀ kan náà. Àwọn tó ń dáko ń ṣe tó wákàtí 30 lọ́sẹ̀, àwọn ọdẹ ń ṣe nǹkan bíi 20. Àwọn obìnrin ló sì pàdánù ìsinmi jù nígbà tí oko wọlé.

Oúnjẹ wọn ò sú wọn. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Hadza á jẹ èso igi oṣè, á jẹ iṣu igbó, á jẹ ẹran, á jẹ èso wẹ́wẹ́, oyin sì ni wọ́n fẹ́ràn ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹyẹ kan wà tó ń ṣamọ̀nà wọn lọ sídìí ilé oyin, ẹni tó ń wá oyin á súfèé, ẹyẹ á dáhùn, á máa fò láti igi dé igi títí wọ́n fi máa débẹ̀, wọ́n á fi iná lé àwọn kòkòrò, wọ́n á kó oyin, ẹyẹ náà á jẹ afárá tó ṣẹ́kù. Tí nǹkan kan ò bá sí nínú igbó lónìí, nǹkan mìíràn wà, torí náà ọ̀dá kì í tètè pa wọ́n.

Ọ̀gá wá ńkọ́? Kò sí. Wọ́n tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kára kí ó má bàa sí ni. Láàárín àwọn Ju/'hoansi, ẹni tó ni ọfà ló ni ẹran, kì í ṣe ẹni tó ta á, ọfà sì lè jẹ́ ti ìyá àgbà kan tó jókòó sílé, òun ló máa pín ẹran. Tẹ́ ẹ bá pa ẹran ńlá wálé, wọ́n á máa bú ẹran náà fún yín, pé ẹran rírù wo lẹ ní ká wá gbé yìí, egungun lásán, kí orí yín má bàa wú. Lọ́dọ̀ tiwa a máa ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní í fún ẹnì kankan jẹ. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ro ìṣẹ́ ro ìyà yẹn jáde lẹ́nu á gbọ́ yẹ̀yẹ́ kúnra. Ó sì bọ́gbọ́n mu: ẹran ò ṣeé tọ́jú nínú ooru yẹn, ibi tó ṣeé fi pamọ́ sí jù ni ikùn aládùúgbò, torí ọjọ́ ń bọ̀ tí tiẹ̀ náà á dé.

Ó kù síbì kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọmọ púpọ̀, ẹ gbójú kúrò níbí. Ìyá ló ń gbé ọmọ rìn, kò lè gbé méjì, nítorí náà bíi ọdún mẹ́rin ló ń wà láàárín ọmọ kan àti èkejì. Ìbejì? Láàárín àwọn Ju/'hoansi láyé ìgbà yẹn, ó ṣòro kí wọ́n tó tọ́ méjèèjì, ọ̀kan ni ìyá sábà máa ń mú. Ó dùn mí láti kọ ọ́ fún àwa tá à ń kí ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn. Nínú àwọn ọdẹ tí wọ́n ti ṣèwádìí nípa wọn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí kò dé ọdún 15. Ẹni tó bá ti kọjá ibẹ̀ ṣá, ó lè dé 60, ó lè dé 70, ìtàn pé ọdún 30 ni gbogbo wọn ń kú yẹn, irọ́ ni.

Ẹ má sì rò pé àlàáfíà ni gbogbo ẹ̀. Ní Nataruk, ní Kenya, létí ibi tí adágún Turkana dé nígbà yẹn, wọ́n rí egungun èèyàn 27 tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bíi 10,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn míì orí wọn fọ́, àwọn míì ọfà ṣì wà lára wọn. Ọdẹ ni gbogbo wọn.

Ọdẹ tó ti jókòó sójú kan

Èyí ni wọn kì í dárúkọ. Ọdẹ ni wọ́n, wọn ò gbin nǹkan kan, ṣùgbọ́n ilé wọn ò kúrò níbì kan torí pé oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀. Àwọn Natufian ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, Jọ́dánì àti Síríà òde òní bẹ̀rẹ̀ irú ìgbé ayé yìí ní nǹkan bíi 14,500 ọdún sẹ́yìn. Ní Shubayqa, ní Jọ́dánì, wọ́n rí èérún búrẹ́dì nínú àdògán tí wọ́n dá iná sí ní 14,400 ọdún sẹ́yìn, ìyẹn nǹkan bíi 4,000 ọdún kí ẹnikẹ́ni tó dáko lágbègbè yẹn. Búrẹ́dì ṣáájú oko! Ọkà inú igbó ni wọ́n ṣà tí wọ́n lọ̀. Ní Japan, àwọn Jomon ń mọ ìkòkò, wọ́n ń jẹ ẹja àti èso igi, ìlú wọn kan tó ń jẹ́ Sannai Maruyama wà fún ohun tó ju 1,000 ọdún lọ.

Tó bá jẹ́ pé ìtura lẹ̀ ń wá, èyí dára gan-an: ilé wà, ìkòkò wà, àgbàlagbà lè jókòó, kò sóko láti ro. Àmọ́ ẹ wo àwọn èèyàn etíkun ìwọ̀ oòrùn àríwá Amẹ́ríkà, àwọn Tlingit àti Haida àtàwọn tó yí wọn ká. Ẹja sámọ́ọ̀nù ń ya wọ odò lọ́dọọdún, wọ́n á pa á, wọ́n á sá a, wọ́n á yan án, wọ́n á kó o jọ pelemọ fún ìgbà òtútù. Kò sí ẹyọ ọkà kan. Síbẹ̀ olóyè wà, ọlọ́lá wà, mẹ̀kúnnù wà, ẹrú tí wọ́n kó lójú ogun sì wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ máa wo ibi ìkópamọ́. Ohun tó ṣeé kó pamọ́ ló ṣeé pè ní tèmi, ó ṣeé jí, ó ṣeé ṣọ́, ó ṣeé fi jọba. Wọn ò nílò oko kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Àléébù ẹ̀ kejì ni pé kò sí níbi gbogbo. Ẹ gbọ́dọ̀ ní odò tó lẹ́ja tàbí pápá tí ọkà igbó ti ń hù fúnra ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bí sí aṣálẹ̀ ò lè yan èyí.

Àgbẹ̀ àkọ́kọ́

Ká wá lọ sí Abu Hureyra, létí odò Yúfírétì ní Síríà. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ torí pé ìran ọdẹ àti ìran àgbẹ̀ gbé ibẹ̀ tẹ̀ léra, torí náà èèyàn lè fojú kan náà wò wọ́n. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ ní 1972 àti 1973, pẹ̀lú ìkánjú, torí pé omi ìsédò ń bọ̀ wá bò ó, ó sì ti wà lábẹ́ omi báyìí. Àwọn ọdẹ tó kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ ń jẹ oríṣi ewéko tó lé ní 100. Àwọn àgbẹ̀ tó tẹ̀ lé wọn, àlìkámà, báálì, ẹ̀wà díẹ̀, ká tún jẹ àlìkámà lọ́la.

Egungun àwọn obìnrin ibẹ̀ ló ń sọ ìyókù. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn ti wọ́, orúnkún ti jẹ, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti bàjẹ́. Theya Molleson tó yẹ̀ wọ́n wò ní ìkúnlẹ̀ ló fà á, ìkúnlẹ̀ sídìí ọlọ láti lọ ọkà ní wákàtí púpọ̀ lójúmọ́, lójoojúmọ́, láti kékeré. Ọkà ò dà bí iṣu tẹ́ ẹ lè sè jẹ kíá: ẹ máa pa á, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ máa lọ̀ ọ́ kó tó di oúnjẹ. Ẹni tó bá ń ṣírò wákàtí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kò ka ti ìdí ọlọ mọ́ ọn, ìṣírò ẹ̀ ò pé.

Gíga náà lọ sílẹ̀. Nínú egungun tí J. Lawrence Angel wọ̀n ní Gíríìsì àti Tọ́kì, àwọn ọkùnrin ìgbà ọdẹ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 9, nígbà tó fi máa di 3000 ṣáájú Kristi wọ́n ti bọ́ sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 3. Eyín jíjẹrà pọ̀ sí i torí oúnjẹ oníyẹ̀fun, àìtó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, èèyàn sì ń gbé pẹ̀lú ìgbẹ́ ara wọn àti ti ẹran ọ̀sìn. Ní Çatalhöyük, ìlú àgbẹ̀ àtijọ́ kan ní Tọ́kì, ilé há mọ́ra débi pé kò sí títì, orí òrùlé ni wọ́n ń gbà wọlé, abẹ́ ilẹ̀ ilé náà ni wọ́n ń sin òkú sí. Nínú agbárí 93 tí wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀, 25 ló ti fọ́ rí tó sì jinná, àwọn míì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èèyàn tó há mọ́ra ń na ara wọn.

Kí wá ni èrè? Ọmọ. Ìyá ò gbé ọmọ rìn mọ́, ògì àti ẹ̀kọ wà láti fi já ọmọ lẹ́nu ọmú kíákíá, oyún tún ti dé kí ọdún mẹ́ta tó pé. Ọmọ ń kú púpọ̀, bóyá ju ti ọdẹ lọ pàápàá, àmọ́ àwọn tó ṣẹ́kù ṣì ń pọ̀ jù. Ilẹ̀ tó ń bọ́ ọdẹ díẹ̀ á bọ́ àgbẹ̀ rẹpẹtẹ. Bí wọ́n ṣe gbalẹ̀ nìyẹn: láti nǹkan bíi 8,500 ọdún sẹ́yìn ni àwọn àgbẹ̀ láti apá Tọ́kì ti ń wọ Yúróòpù, DNA inú egungun ló fi hàn, àwọn ọdẹ tó wà níbẹ̀ ò sì lè fi iye bá wọn dọ́gba. Ọ̀fìn ibẹ̀ ni pé lẹ́yìn ìran bíi mẹ́ta ẹ ò lè padà sígbó mọ́, ẹnu ti pọ̀ ju ohun tí igbó lè bọ́ lọ, ẹ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ yàn án, díẹ̀díẹ̀ ló fi ẹgbẹ̀rún ọdún gbá wọn wọlé.

Ọ̀dá: tí àká bá kún, ọdún kan kì í ṣe wàhálà, ẹ máa sàn ju ọdẹ lọ. Tó bá di ọdún kejì, tí ọ̀gbìn tẹ́ ẹ gbójú lé ò sì ju méjì lọ, ìyàn nìyẹn. Ọ̀gá sì lọ́ra kó tó dé, ká sọ òtítọ́. Ní Çatalhöyük ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, wọn ò rí ààfin kankan. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo Uruk ní Ìráàkì, ní nǹkan bíi 3300 ṣáájú Kristi, ibi tí wọ́n ti rí àwọn ìwé kíkọ tó lọ́jọ́ lórí jù: ìṣírò ló kún inú ẹ̀, báálì mélòó wọlé, ọtí mélòó jáde, ta ló jẹ ta ní gbèsè. Ọkà gbẹ, ó ṣeé wọ̀n, ó ṣeé kà, akọ̀wé ọba ò ní wàhálà kankan.

Àgbẹ̀ adẹ̀gbẹ́

Ilé wa nìyí, àwọn tó ń dáko tí wọn ò sì fi igbó sílẹ̀. Ní Ihò Eléérú nítòsí Ìṣàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́lẹ̀ ní 1965, wọ́n bá egungun ẹnì kan tó ti lò ju 11,000 ọdún lọ níbẹ̀, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ọfà, ọdẹ pọ́ńbélé. Nínú ilẹ̀ tó wà lókè ìyẹn ni ìkòkò àti àáké òkúta dídán ti wá fara hàn. Iṣu funfun tá à ń gún lónìí sì ní ìwé ẹ̀rí tiẹ̀: ìwádìí DNA tí wọ́n gbé jáde ní 2019 fi hàn pé inú iṣu igbó kan tó ń hù nínú ẹgàn ni wọ́n ti sọ ọ́ dilé, ní agbègbè odò Ọya, láàárín ìlà oòrùn Ghana àti ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Ní Ghana bákan náà, àwọn èèyàn Kintampo ní nǹkan bíi 4,000 ọdún sẹ́yìn ń gbin ọkà jéró àti ẹ̀wà, wọ́n ń sin ewúrẹ́, wọ́n ń jẹ epo ọ̀pẹ, ọ̀pẹ tí wọn kò gbìn pàápàá, wọn ò sì fi ìgbẹ́ dídẹ sílẹ̀.

Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ẹ ò fi gbogbo ẹyin sínú agbọ̀n ọ̀gbìn kan, tí iṣu bá kọ̀, ẹran ìgbẹ́ wà, ìgbín wà, ọ̀pẹ wà. Iṣu náà ò rọrùn fún ọba láti kó: ó wúwo, ó ń jẹrà, ó wà nínú ebè, ẹni tó fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ wá wà á. Kí ẹnì kan má sọ fún mi pé àwa náà jọba ní Ifẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn pẹ́ gan-an lẹ́yìn iṣu.

Owó tí wọ́n fi rà á ni ibà. Frank Livingstone, onímọ̀ nípa ẹ̀dá èèyàn, kọ ọ́ ní 1958 pé bí àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ṣe ń ṣán igbó ni oòrùn ń ráyè wọlẹ̀, omi á dúró sójú oòrùn, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà fẹ́ràn láti yé sí. Ẹni tó ní jẹ́nótáìpù AS kì í tètè kú nínú ibà líle, ló bá di pé AS ń pọ̀ láàárín wa. Tọkọtaya tí pásítọ̀ tàbí àlùfáà ń bi ní jẹ́nótáìpù kó tó so wọ́n pọ̀, igbó tí wọ́n ṣán nígbà yẹn ni wọ́n ṣì ń san gbèsè ẹ̀.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹ̀yin tí kò fẹ́ ọ̀gá, tẹ́ ẹ lè rìn, tẹ́ ẹ lè pín nǹkan láìkùn, tẹ́ ẹ ti kọjá ọmọ ọdún 15 láìkú, ẹ mú ọdẹ aṣíkiri, ẹ ò ní rí ìgbé ayé tó fún ara láǹfààní tó ìyẹn. Ẹni tó bá láwun má débẹ̀ rárá.

Tó bá jẹ́ pé etí odò ẹlẹ́ja ni wọ́n máa gbé yín sí, ìkejì ni kẹ́ ẹ mú, kíá, láìbéèrè, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ìdílé olóyè lẹ máa bọ́ sí tàbí ti ẹrú. Tẹ́ ò bá lè yan ìyẹn, ẹ padà sórí àkọ́kọ́.

Àgbẹ̀ àkọ́kọ́ wà fún ẹni tó fẹ́ ọmọ púpọ̀ àti ìran tó máa gba ilẹ̀ lọ, tí kò sì bìkítà pé ẹ̀yìn òun ló máa sanwó ẹ̀. Obìnrin tó bá bi mí, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn láé, ìdí ọlọ yẹn pọ̀ jù. Ọkùnrin ló máa ń sọ fún mi pé ó dáa.

Èmi á mú ìkẹrin, bí ibà tiẹ̀ wà níbẹ̀. Iṣu, ẹran ìgbẹ́, epo pupa, mi ò mọ ohun tí mo tún ń wá. Ẹni tó bá ní jẹ́nótáìpù AA kó ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Tẹ́ ẹ bá ṣorí kunkun tẹ́ ẹ mú ìkẹta, ẹ tètè wá ológbò, torí tí àká bá ti kún, eku ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbádùn. Ní Cyprus, wọ́n ti rí ológbò tí wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn láti nǹkan bíi 9,500 ọdún sẹ́yìn, ológbò ò sì sí ní erékùṣù yẹn tẹ́lẹ̀, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé e wá.